Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agogo mẹ́fà ààbọ̀,
Delfina gbé mọ́tò sábẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú
lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa ní Merced,
níbi tí oko álímọ́ńdì ti sún mọ́ kíláàsì tó bẹ́ẹ̀
tí eruku rẹ̀ ń bá wa dáhùn orúkọ.
Ó jẹ ìdajì búrẹ́dì, ó fi ìdajì pamọ́ sápò,
ó ní, "Kou, ṣé o ti ka orí kẹrin?"
Mo ní mo ti kà á. Irọ́ ni.
Ilé ìkẹ́rù ni mo ti ń bọ̀.
Páálí ni mo kà láti àárọ̀, n ò ka ìwé.

Ọ̀gbẹ́ni Tillman wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta ló pín in mọ́wọ́ lọ́sẹ̀;
bàtà rẹ̀, ìwé rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀,
ẹ̀yìn mọ́tò ni gbogbo wọn ń gbé.
Ó kọ ọ́ sára pátákó: Kí ni agbára?
"Ìbọn," ni ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tiṣẹ́ ológun dé.
"Owó," ni Marisol, ọmọ rẹ̀ ń sùn lórí itan rẹ̀.
Delfina wo èékánná rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.
"Ẹni tí kànga rẹ̀ bá jìn jù," ló wí,
"òun lalágbára."
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọdún méjì
tí ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn ti ń húkọ́ lásán,
tí kò pọ nǹkan kan jáde.

Ìwé wa ní àdéhùn ni ìjọba:
ará ìlú fọwọ́ sí i, aláṣẹ fọwọ́ sí i.
Mo wá ibi tí èmi ti fọwọ́ sí i, n ò rí i.
Baba mi wẹ odò Mekong kọjá lóru
pẹ̀lú ike òfìfo méjì lábẹ́ abíyá;
lójú tirẹ̀, ìjọba ni ohun tí èèyàn ń sá fún.
Títí dòní, bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, á pa tẹlifíṣọ̀n,
á ní, "Kou, má kọ orúkọ wa fún wọn."

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ lọ síbi ìpàdé kan, ẹ kọ ojú ìwé méjì.
A lọ sí ti ìgbìmọ̀ omi, èmi àti Delfina.
Àwọn márùn-ún jókòó lórí pèpéle, omi inú ife níwájú wọn.
Wọ́n ní ará ìlú ló yàn wọ́n;
ọdún méjìlá rèé tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn dupò,
tí wọn ò sì tẹ ìwé ìbò kankan.
Àga ọgọ́ta. Èèyàn mẹ́rin. Ọ̀kan ń hanrun.

Alága ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìyá."
Aago pupa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sẹ́yìn.
Delfina ò tú ìwé tó fi ọjọ́ mẹ́rin kọ.
Ó bi wọ́n pé, "Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni kànga yín jìn?
Kálukú yín. Mo ń gbọ́."
Alága ní òfin ò gba ìgbìmọ̀ láyè láti dáhùn ìbéèrè.
Ó ní, "Kò burú. Màá dúró."
Ó sì dúró. Ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀.
Mo gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Mo gbọ́ bí ẹnìkan ṣe gbé omi mì.
Ọkùnrin tó ń hanrun jí.
Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, mo rí i: "Arábìnrin Ochoa sọ̀rọ̀."

Tillman fún un ní B.
Ó ní kò kọ ibi tó ti mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde.
Delfina ní, "Ṣé inú kànga ni kí n kọ?"

Fọ́ọ̀mù ìdupò wà lórí fíríìjì mi,
agolo ìrẹsì ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
Ọdún tó ń bọ̀ ni Delfina á tó di ọmọ ìlú;
òun ló bá mi gbà á.
Ọjọ́ Ẹtì, agogo márùn-ún, ni wọ́n máa tilẹ̀kùn.
Níbi tí wọ́n ti bèèrè orúkọ, mo ti kọ V,
ni mo gbọ́ ìró sálúbàtà baba mi,
mo fi ọwọ́ bò ó.
Ó jókòó. Ó wo ọwọ́ mi títí.
Ó ní kí n bu omi fún òun.