Àbẹ́là Tó Kù

Ọdún tí kajú so jìngbìnnì ní Ìyàrá,
tí òórùn rẹ̀ gbalẹ̀ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́,
oníṣòwò kan wọ bàtà funfun wọ inú erùpẹ̀ pupa.
Kò gbọ́ Yorùbá. Kò gbọ́ Hausa.
A kí i pé "Okun o", ó mi orí.
Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kọ́kọ́rọ́ àpò owó rẹ̀.

Èmi tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì
jókòó lórí àpò kajú kan, mo ń fi fìlà lé eṣinṣin.
Ọlọ́runtóbi ló kọ́kọ́ dìde,
ọmọ tó ń gbọ́ fóònù sùn, tó ń gbọ́ fóònù jí.
Ó fi imú sọ ọ́. Ó ká ahọ́n
bí ẹni tí iṣu gbígbóná há sí lẹ́nu,
ọ̀rọ̀ ń sáré gun ara wọn lẹ́yìn
bí ewúrẹ́ tó rí òjò.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́.
Oníṣòwò na etí, ó ní kó tún un wí.
Ó tún un wí, ó tún yára sí i.
Oníṣòwò wo awakọ̀ rẹ̀,
awakọ̀ wo ojú ọ̀run.

Ẹbùnolú ló ń ṣa òkúta kúrò nínú kajú.
Ọyẹ́ méjì ló fi wá sílé mi lálaalẹ́,
tí mo ń tan àbẹ́là sí iwájú ẹnu rẹ̀ pé:
pí tiwọn kì í ṣe pí ti pẹ́pẹ́yẹ,
afẹ́fẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀;
bí iná yìí kò bá mì, o ò tíì pè é.
Fi ahọ́n sáàárín eyín, fẹ́ ẹ bí ẹ̀kọ gbígbóná.
Há tí ẹ máa ń gbàgbé níbi tó wà,
tí ẹ máa ń gbé lọ síbi tí a kò pè é,
dá a padà sílé rẹ̀.

Ó nu ọwọ́ nù mọ́ yẹ̀rì. Kò yára.
Gẹ̀ẹ́sì ni o, àmọ́ báyìí ló ṣe dún létí mi:
"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n yìí.
A kò tíì gbé nǹkan kọ́ ọ, ó ti wà lórí mẹ́ta.
Ẹ dá a padà sí òdo ká tó bẹ̀rẹ̀."

Ọkùnrin náà gbọ́. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́.
Etí rẹ̀ pọ́n.
Àpò mọ́kànlélógójì, kílò mẹ́ta mẹ́ta:
ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ìyá Jẹ́mírádé fà á láṣọ: "Kí lo wí fún un?"
"Mo ní kó dá a padà sí òdo, Màmá."
"Odó iyán, àbí odò tí à ń pọn?"
Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín.
Ọmọ tó yé àlejò yékéyéké dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀
lójú ìyá tó bí ìyá rẹ̀.
"Mo ní kó dá a padà síbi tí kò sí nǹkan kan."
"Ẹn-ẹ́n. Kò ṣe sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?"

Lálẹ́, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi.
Ọlọ́runtóbi ni, fóònù rẹ̀ wà nínú àpò.
"Tíṣà, ṣé àbẹ́là ṣì kù?"
Ó kù bí ìka kékeré.
Mo tàn án, mo ní kó wo ẹnu mi,
mo pe pí.

Kí n má parọ́: ogójì ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.
Mo mọ bó ṣe yẹ kó rí,
ẹnu mi ni kò mọ̀.
Iná náà dúró gangan, ó ń wò mí.
Ọlọ́runtóbi náà ń wò mí.
Mo sún àbẹ́là sí i.
"Ó yá," mo ní, "ìwọ náà, pè é."