Níbi Tí Ọmọdé Ga Dé

Ní Kétu, ní ìkóríta ẹ̀yìn ilé Sùúrù Alágbẹ̀dẹ,
Èṣù àdúgbò wa kò ga ju orúnkún àgbà lọ:
yangí kan tí epo ti sọ di dúdú,
páànù kékeré lórí rẹ̀ bí fìlà ọjọ́ òjò,
owó ẹyọ mẹ́ta lójú, ọ̀kan ti já bọ́
kí wọ́n tó bí mi.

Iṣẹ́ tèmi ni, kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́.
Ìyá àgbà á jí mi, àkùkọ Sùúrù ṣì ń tún ohùn ṣe.
Omi nínú agolo tòmátì,
epo díẹ̀ nínú ìdérí ìgò.
"Má sáré. Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà.
Bí o bá débẹ̀, sọ ohun tó wà nínú rẹ."

Kí ní ń bẹ nínú ọmọ ọdún mẹ́jọ?
Ẹ kú ìdúró o, Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà.
Àwa sùn, ẹ̀yin ò sùn.
Tíṣà yóò pe díkítée lónìí,
ẹ jẹ́ kó gbàgbé orúkọ mi.
Ìyá mi wà ní Kútọnu,
ẹ má jẹ́ kó gbàgbé orúkọ mi.

Sẹ̀lẹ́sítìnì ọmọ ìjọ Páádì á dúró lókèèrè,
á fọwọ́ bojú, á máa yọjú láàárín ìka.
Ọjọ́ tí eyín rẹ̀ yọ, ó sún mọ́ mi lẹ́tí:
"Bá mi sọ fún un kí tuntun tètè hù.
Má sọ pé èmi ni."

Ọyẹ́ ọdún náà bó ètè wa bí èèpo ẹ̀pà.
Mo bọ́ aṣọ òtútù mi, mo fi wọ̀ ọ́.
Kí a tó jáde ní ọ̀sán
ewúrẹ́ ti jẹ apá kan.
Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Kò nà mí.

Ọjọ́ kan ṣì wà.
Àkàrà mẹ́ta ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, ó ń gbóná,
gààrí lásán la sì fi sùn lálẹ́ àná.
Mo gbé mẹ́ta kalẹ̀. Mo mú méjì.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́, kó má baà rí mi,
bí ẹni pé onílé oríta ní ẹ̀yìn!
Lálẹ́, Ìyá àgbà wo ẹnu mi tí ń dán:
"Mélòó ló jẹ? Mélòó lo jẹ?"
Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, n kò lè dáhùn.
Ó fẹ́ èéfín kúrò lójú, ó ní,
"Àwẹ̀ró, wo ibi tí wọ́n gbé e sí.
Bó bá ṣe pé àgbà la ń gbé oúnjẹ náà dè,
à bá gbé e sókè àjà."
Ó yí iná fìtílà wálẹ̀. Ó tán.

Mo padà dé lọ́dún tó kọjá, lórí ọ̀kadà zẹmijan,
ọdún kẹsàn-án tí a ti sin ín.
Páànù tuntun. Ojú ṣì jẹ́ méjì.
Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú báàgì àti bàtà gogoro,
n kò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ọwọ́ mi sí.
Ọmọbìnrin kan wọ káákì dé, ọ̀rá omi lọ́wọ́,
ó fi eyín já igun rẹ̀, ó tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.
Ó wò mí bí ẹni tó wá sídìí ẹ̀rọ omi láìgbé korobá.
"Ẹ bẹ̀rẹ̀, màmá. Etí rẹ̀ wà nísàlẹ̀."

Mo bọ́ bàtà. Orúnkún mi dún kó tó kan ilẹ̀ pupa.
Orí wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba.
Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni, ó gùn díẹ̀.
Mo dúró de ìgbà tó máa kàn mí.