Ọkọ̀ Ti Sùn

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń fa irin yìí,
ọkọ̀ onípákó tó ń gun òkè ní Valparaíso, nílẹ̀ Ṣílè,
okùn wáyà kan níwájú, òkun lẹ́yìn,
èèyàn mẹ́jọ, àpò ọ̀dùnkún, ajá kan nígbà mìíràn.
Láàárọ̀ mo gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ fún iṣẹ́,
lálẹ́ mo kó wọn padà fún ilé.
Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ojú ni mo ń kà.

Ilé làbọ̀ sinmi oko,
mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Bí oko bá wá tẹ̀lé ni dé orí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?

Bí Eduvina ṣe rí nìyẹn, ọmọ Baudilio oníbàtà,
tó ń ka àpótí ẹrù ní ọ́fíìsì èbúté.
Ara rẹ̀ á wọ ọkọ̀ mi, ọkàn rẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́.
Fóònù á máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n mú láàyè.
"Ó dáa, ọ̀gá." "Mo máa wò ó lálẹ́ yìí, ọ̀gá."
Oòrùn ń rì sómi lẹ́yìn rẹ̀, ó pọ́n bí epo,
kò bojú wẹ̀yìn rí.
Ìṣẹ́jú kan péré ni ìrìn náà.
Wọ́n gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, òjò winniwinni,
ó dúró lójú fèrèsé mi, ó na fóònù náà sí mi.
"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dàárọ̀, Don Evaristo."
Mo ní, ṣé ó bàjẹ́ ni?
Ó ní rárá,
èmi ni mo fẹ́ bàjẹ́.

Mo tì í mọ́ dúrọ́ọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì mi.
Ó ń tàn, ó ń kú, bíi tanná-tanná.
Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló ké. Mo kà á.
Ìlú kò jó.

Aago mọ́kànlá ni mo ń tilẹ̀kùn.
Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀gá rẹ̀ dé,
fáìlì lábẹ́ abíyá, ó ń mí hẹlẹ,
ó ní kí n gbé òun gòkè kíákíá,
nǹkan kan wà tí kò lè dúró.
Mo ní ọkọ̀ ti sùn, ọ̀gá.
Mo fi àtẹ̀gùn hàn án: ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́fà,
ó tutù, ó ń yọ̀, kò níná.
Ó gbójú sókè. Ó wo fáìlì. Ó tún gbójú sókè.

Nǹkan tí kò lè dúró náà
dúró.

Láàárọ̀ mo na fóònù sí Eduvina.
Ó ní kí n jẹ́ kí òun
gbé èyí tó wà lẹ́nu òun mì ná.