Àpò Kejìlá

Àpò méjìlá ni mo rà ní Yẹ́lúwà, létí odò Ọya,
lóṣù tí omi fà sẹ́yìn, tí àwọn apẹja ń yan ẹja tọ̀sán-tòru.
Àrọ̀ ni, tí wọ́n ká, tí wọ́n ti ìrù rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu,
dúdú, ó ń dán, ó le bí igi ìdáná.
Màláàmù Ìrò fi èékánná kan ọ̀kan, ó ró kóó.
“Ya bushe,” ó ní. Ó ti gbẹ.
Ogójì kílò, àpò kọ̀ọ̀kan. Mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri sítọ́ọ̀:
ogójì, ogójì, ogójì,
bí ẹni ń kọ orúkọ ọmọ.

Mo ní ó di ìgbà òjò,
nígbà tí ọ̀nà bá di ẹrẹ̀, tí ẹja bá wọ́n dé Ìlọrin.
Owó ilé ìwé Kúbúrátù wà nínú ìṣirò mi, páànù òrùlé wà níbẹ̀,
bàtà kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Òjò dé.
Lóru ọjọ́ kan tí iná ò sí, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri:
rẹ́kẹrẹ̀kẹ, rẹ́kẹrẹ̀kẹ,
bí òjò wínniwínni lórí ewé gbígbẹ.
Mo rò pé eku ni. Ì bá jẹ́ eku ni!
Eku jẹ, ó ṣẹ́ kù.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Àwọn àpò dúró bí mo ṣe tò wọ́n.
Mo gbé ìkejìlá,
ó bá ọwọ́ mi dìde fẹ̀rẹ̀, bí ọmọ tí ibà ti jẹ tán.
Òṣùwọ̀n ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Kílò mẹ́tàlá ti rìn jáde láìṣílẹ̀kùn.

Mo mú ẹja kan. Ojú rẹ̀ wà, ìrù rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀,
awọ rẹ̀ ṣì ń dán. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀,
ó di lẹ́búlẹ́bú ní àtẹ́lẹwọ́ mi.
Àwọn ọmọ onírun ń wọ́ jáde láàárín ìka mi,
àwọn ìyá wọn tẹ̀ lé wọn, dúdú, bí kóró ìbẹ́pẹ tó ń sáré.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.
Kì í ṣe lọ́dọ̀ tèmi. Inú ògbólógbòó àpò ló wà,
àpò èṣí tí mo gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan péré, tí mo ní ó tó,
nítorí irinwó náírà ni tuntun.
Irinwó náírà ni mo fi pe àlejò.

Làmídì ará ilé kejì gbé ìgò kan wá, ìdérí rẹ̀ pupa.
“Fọ́n ọn sí i. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ata á pa òórùn rẹ̀.”
Mi ò ní purọ́: mo ṣí i.
Eṣinṣin kan tó bà lára ògiri já bọ́, kò tiẹ̀ jan ìyẹ́.
Mo wo eṣinṣin náà pẹ́.
Kúbúrátù kì í dúró de ọbẹ̀,
inú agbọ̀n ló ti máa ń já ìrù ẹja jẹ.
Mo dé ìgò, mo dá a padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìrò bá mi da gbogbo rẹ̀ sórí páànù.
A tún dáná. Bí ooru ṣe ń mú wọn ni wọ́n ń já bọ́, tápá, tápá,
adìyẹ gbogbo àdúgbò sì péjọ láìsí ẹni tó pè wọ́n.
Ìrò ò bá mi wí. Ó ń sọ àwọn ògbólógbòó àpò sínú iná lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó kàn ní: “Ẹja kì í kú lẹ́ẹ̀kan.”

Àpò méje ló kù. Mo fi omi nu ògiri,
mo kọ ohun tí òṣùwọ̀n sọ.
Páànù di ọdún tí ń bọ̀. Bàtà, ká má sọ ọ́.

Àkùkọ Làmídì ló sanra jù lọ́dún náà.
Ó gbé itan rẹ̀ kan wá fún mi nígbà Iléyá.
Mo jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
ahọ́n mi ń wá ẹja mi nínú rẹ̀.