Bàbà Nínú Ilẹ̀

Àkànmú ló kọ́kọ́ sọ ọ́:
"Bàbá àgbà, fíríìjì yín ń buni jẹ."
Mo ní kó lọ wọ sálúbàtà.
Ohun tí mo mọ̀ nípa iná mànàmáná kò jù bẹ́ẹ̀ lọ:
wọ sálúbàtà, má fi ọwọ́ tútù kàn án,
bó bá ń rùn bíi rọ́bà tó jóná, ṣí fèrèsé.

Ọdún mọ́kànlá ni Jíńádù fi ń bá mi tún un ṣe.
Òun náà ló ń bá mi kan ilẹ̀kùn,
òun náà ló bá mi gbẹ́ ṣalángá.
Ó fi igi ìṣáná há wáyà mọ́ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì,
ó fi ọ̀rá omi di ibi tó ti bó,
ó gba owó gààrí, ó ní, "Tíṣà, ó ti parí."
Ó kù díẹ̀ kó parí lóòótọ́.
Lóru ọjọ́ Jímọ̀ kan, bí wọ́n ṣe mú iná dé,
àjà yàrá ìyá mi tàn yòò,
kò sì sí gílóòbù níbẹ̀.

Bí mo ṣe gba Òkè-Balógun lọ wá Sùwébátù nìyẹn,
ọmọ Láwànì apẹja.
Ó mú ìwé-àṣẹ rẹ̀ jáde kí n tó béèrè,
fọ́tò rẹ̀ ti ṣá díẹ̀, òǹtẹ̀ orí rẹ̀ kò ṣá.
Ó wo àjà, ó wo mítà, ó wo èmi.
Ó yọ igi ìṣáná mẹ́fà, ó tò wọ́n sórí tábìlì
bí eyín tí wọ́n yọ lẹ́nu ẹni
tí kò mọ̀ pé ara òun kò yá.
Ó kọ iye owó sínú ìwé pélébé.
Mo kà á. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin.
"Jíńádù ì bá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta."

Kò bínú. Ó ní:
"Ẹja ọ̀sà Ẹ̀pẹ lẹ̀yin náà jẹ dàgbà, sà.
Bàbá mi ní òjìjí kì í pariwo nínú àwọ̀n.
Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fọwọ́ lásán gbá a mú,
ẹni tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ wo ibi tó sùn sí.
Òjìjí ló kún inú ògiri yín yìí."

Mo san ìdajì.

Ó fa wáyà àtijọ́ jáde bí ìfun,
èyí tí eku ti họ, èyí tí ooru ti gbẹ.
Kò fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó pa iná láti ìta,
síbẹ̀ á tún fi tẹ́sítà tọ́ ọ wò,
bí ẹni tí kò gba ara rẹ̀ gbọ́.
Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé,
nítòsí ibi tí a sin bàbá mi sí.
Ó béèrè iyọ̀. Ó béèrè èédú.
Màmá Ràfátù yọjú lókè fẹ́ǹsì:
"Tíṣà! Ẹ̀yin náà ti ń bọlẹ̀?"
Sùwébátù rẹ́rìn-ín, ó ń da èédú sí kòtò:
"Ọ̀nà ni mò ń là, Màmá.
Iná tó bá ṣìnà nínú ilé
á gba ibí lọ, kò ní gba ara ọmọ kọjá."

Ó ki ọ̀pá bàbà bọ ilẹ̀,
ó ń fi òòlù lù ú wọlé díẹ̀díẹ̀.
Mo dúró, mo ń wò ó.
Bàbà lápá ọ̀tún, bàbá lápá òsì,
àmì ohùn kan péré ló là wọ́n láàárín,
àwọn méjèèjì dákẹ́ sínú ilẹ̀, wọ́n ń ṣọ́lé.

Iná dé lẹ́yìn ìṣà.
Àkànmú gbé ìka kan sára fíríìjì, ó ń ṣẹ́jú, ó ń retí.
Ó gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e.

Jíńádù yà ní ọjọ́ kejì, ó ní ṣé iṣẹ́ wà.
Mo ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń han.
Ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀ nídìí ilẹ̀kùn.