Ọjọ́ Tí A Gbé Pọ́ǹpù Sílẹ̀

Mẹ́tàlá ni wá nínú àáró wa,
lábúlé kan lójú ọ̀nà Bágbè, lẹ́yìn Oǹdó.
Pọ́ǹpù mẹ́ta,
garawa oògùn kan tó ń ṣe búlúù bí aró,
ìwé àkọsílẹ̀ kan, ọwọ́ mi ló wà.
Èmi Ìyùnadé, mo ń kọ oko tí a ti fín,
mo ń kọ èyí tó kù,
n kò kọ ohun tí ojú wa ń rí.

Ọjọ́rú, oko Akínṣẹ̀tẹ́.
Ọjọ́bọ̀, oko Ìyá Lógundé.
Ọjọ́ Ẹtì, a dé oko tèmi.
Bàbá Fálówó, olórí wa, ní ètò ni ètò:
"Ọjọ́ tí a dá la ó bá débẹ̀."
A sì ń bá a débẹ̀.
Òjò náà ń bá wa débẹ̀.

Oṣù Keje, kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lórí igi
bí èékánná ẹsẹ̀ tó kọ gbòǹgbò.
A fi kún oògùn.
A tún tètè ń jí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.
A jẹ gbèsè lọ́dọ̀ olóògùn ní Òdòsìdá.
Èjìká wa bó lábẹ́ okùn pọ́ǹpù,
kò sẹ́ni tó bèèrè nǹkan kan,
torí ẹni tó bá bèèrè
ni wọn yóò ní ó fẹ́ sá fún iṣẹ́.

Ìyá Lógundé ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀.
Àárín oko ni. Oòrùn ò tíì mú.
Ó jókòó sórí òkìtì èèpo kòkó,
ó bọ́ bàtà rọ́bà rẹ̀, ó gbọn iyanrìn inú rẹ̀ nù.
Ó ní, "Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú.
Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Àwa tí a ti ń ṣubú láti oṣù Karùn-ún,
ibo là ń wò?"

Bàbá Fálówó pòṣé.
Ó ní ọ̀rọ̀ kì í fín kòkó.
Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kejì ti balẹ̀,
ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e,
ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọnú oko bí àlejò
tí a kò rò pé yóò jókòó pẹ́.

Wọ́n ní kí n ka ìwé.
Mo kà á. Ohùn mi ń gbọ̀n.
Ọjọ́ wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀.
Akínṣẹ̀tẹ́ ní, "Òjò ńkọ́?"
Òjò ò sí nínú ìwé.
Ni kálukú bá ń wá òjò inú orí rẹ̀:
èyí tó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì,
èyí tó ká wa mọ́ ibi ìsìnkú àna Wákúnmi.
Mo ń kọ ọ́ sétí ìwé
títí etí ìwé fi kún.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mọ́kànlá
ni òjò ti fọ oògùn wa dànù kí ilẹ̀ tó ṣú.
Ilẹ̀ la ń fún lóògùn mu,
ilẹ̀ tí kò ṣàìsàn.

Bàbá Fálówó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ti búlúù dé ìgùnpá.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Èmi ni mo dá ọjọ́," ó ní,
"n kò bi ojú ọ̀run."
Kò sẹ́ni tó ní kó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A tú ètò náà palẹ̀ níbi tá a jókòó sí:
oko tí òfuurufú bá mọ́ lórí rẹ̀ ni ká yà sí;
ká kọ́kọ́ já èyí tó ti dúdú, ká rì ín mọ́lẹ̀;
ká dín ẹ̀ka kù, kí atẹ́gùn ríbi gbà.
Àti pé lọ́sẹ̀ méjì-méjì
ká padà sórí èèpo kòkó,
kí n kàwé.

N kò ní purọ́. Ìdajì kòkó ọdún yẹn lọ.
Wákúnmi bínú kúrò nínú àáró,
ó ní a ti sọ ìjókòó di iṣẹ́.
Gbèsè Òdòsìdá ṣì wà lọ́rùn wa.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan lóṣù Kẹwàá
mo gba abẹ́ igi kan tí a ti fi sílẹ̀ fún ikú.
Ọmọ kòkó kan wà lára rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀,
kò tó àtàǹpàkò mi.
Mo jókòó tì í.
Mo ṣí ìwé,
sí ìlà tuntun tí mo fà fún òjò,
mo kọ ọ́ síbẹ̀: kò rọ̀ lónìí.