Orí Tí Ikán Jẹ

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wá láti Ìgbàjà lánàá
lórí alùpùpù kan ṣoṣo tó ń tú èéfín wọ Bàbáńlá.
Wọ́n ní àwọn ń wá ìwé tí Bàbá Fínéhásì kọ.
Ìwé wo? Bàbá ò tẹ ìwé kankan rí.
Ìwé ìkọ̀wé mọ́kànlélógójì ló fi sílẹ̀
nínú páálí ọṣẹ.

Èmi ni mo máa ń gbé àtùpà fún un.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, oorun ń kùn mí,
kòkòrò ń kú sínú gíláàsì.
Á kọ ìlà kan, á pa á rẹ́, á tún un kọ.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lójú ìwé:
oore-ọ̀fẹ́.
Ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹni tó ra iyọ̀ gba ènì,
ènì kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó ló kọ́kọ́ wọlé.
Ti Ọlọ́run kì í ṣe ènì."
Ìyá Dọ́káàsì tí kò mọ̀wé, tó ń ṣa ẹ̀mí lẹ́yìnkùlé,
dáhùn láti inú òkùnkùn:
"Ó wá di òru kí o tó mọ ìyẹn?"
Ó wà níbẹ̀, ìwé kejìlá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀,
ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́
bí ẹni tọ́ka sí ọ̀mọ̀wé.

Nínú ìwé kọkàndínlógún ni Dọ́káàsì kú sí.
Èèyi ni. Ọjọ́ mẹ́rin.
Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan nípa ìpèsè:
*Nítorí náà a lè sọ pé Ọlọ́run*
kò parí rẹ̀.
Ọdún mẹ́ta. Ojú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, funfun báláú.
Nígbà tí gègé padà, ohun tó kọ ni pé:
*Mo ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. N kò tí ì dárí jì í.*
Àwọn alàgbà ní kó fa ojú ìwé yẹn ya.
Ó ní bí òun bá fà á ya, irọ́ ni gbogbo ìyókù.

Ti ikán ńkọ́?
Àáfà Búsàrí, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà,
ló kó àwọn ìwé náà lọ sí Ìlọrin
kí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ pupa dì wọ́n,
irú èyí tí wọ́n fi ń di Kùránì.
Òun ló ṣí páálí, tó rí i pé ihò ni ìwé kẹrìndínlógójì látòkèdélẹ̀.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ikán ti bá ọ jẹ ọ̀run àpáàdì tán!"
Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Kò tún orí náà kọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fóònù ya àwòrán àwọn ojú ìwé.
Wọ́n dé ibi funfun, wọ́n ń ṣí i kíákíá.
Mo ní, ẹ padà. Ẹ ya ìyẹn náà.
Méjì wo ara wọn.
Èyí tó kéré jù tẹ̀ ba,
ó ń yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ìkankan,
títí iná fóònù rẹ̀ fi kú.